Agbo Ìràwọ̀ Nínú Kòtò Epo

Ọjọ́ tí Mẹ́tìrì Firmin, olùkọ́ ilé ìwé, bọ́ sínú kòtò epo àwọn ìyá àdúgbò Ahoyéyé ni gbogbo ìlú Pobè ṣì ń sọ dòní. Ẹyìn ni wọ́n ń tẹ̀ lọ́wọ́. Bí Mẹ́tìrì ṣe rí epo tó léfòó, tó ń pòyì lójú omi, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ inú rẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ wò ó, báyìí gan-an ni agbo ìràwọ̀ wa, èyí tí oòrùn àti ayé wa wà nínú rẹ̀, ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń yí po. Àwọn tó wà láàárín á ti yí po tán kí àwọn ti etí tó yí tiwọn dé ìdajì."

"Mẹ́tìrì, epo wa ńkọ́?" ni ìyá tó ni kòtò bi í.

"Ẹ jẹ́ ká parí ti ìràwọ̀ ná."

Nígbà tí wọ́n fà á jáde, Eugénie ìyàwó rẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ó fi sú u.

Ìyẹn ni Mireille ọmọ wọn ń rán ìyá rẹ̀ létí kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, ṣùgbọ́n àyà Eugénie ń já. Firmin ti kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ láti Sakété lọ́sàn-án yìí láti wá gbé òkú, nítorí nílé wọn, inú ọgbà bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa ń sin ọkùnrin sí. Ẹ̀yìnkùlé tiwọn níbí ni Eugénie fẹ́, kó lè máa kí i láràárọ̀. Ta ni obìnrin tó máa bá ẹbí ọkọ du òkú? Ó tún gbá ilẹ̀ tó ti gbá.

"Ìyá mi, ẹ jókòó. Ẹ rántí ìgbéyàwó mi?"

Ta ló lè gbàgbé? Wọ́n ní kí Mẹ́tìrì ṣàdúrà, ó ní agbo ìràwọ̀ kékeré kan kọ lu tiwa láyé àtijọ́, tiwa gbé e mì, ó sì nípọn sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ẹbí méjì ṣe ń di ọ̀kan. Bàbá ọkọ dìde, ó ní àwọn fẹ́ mọ ẹbí tó jẹ́ kékeré. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n kó ẹrù ìdána wọn padà.

Mòtò dúró níta. Ládiípọ̀, ẹ̀gbọ́n Firmin, ló kọ́kọ́ wọlé. Eugénie kúnlẹ̀.

"Ìyàwó wa, àjò kì í dùn kí onílé má relé. A wá gbé ọmọ wa."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi níbí."

Àwọn ẹbí ń kùn. Ládiípọ̀ wá àga, ó jókòó.

"Lọ́dún tó kọ́ ilé yìí, mo wá bá a jà pé ọmọ Sakété kì í kọ́lé sí Pobè. Ó ní oòrùn pàápàá ò sí níbi tí wọ́n bí i sí mọ́. Ó ní ọ̀nà àárín agbo ìràwọ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n bí oòrùn sí, ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tó wà. Ó sọ ọ́ títí iṣu tí ìwọ sè fún mi fi tutù."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tún un gbóná, Bàbá."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ládiípọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó ń fi etí agbádá nu ojú.

"Bí mo bá gbé e lọ Sakété, á wá bá mi wí lójú àlá, kò sì ní í tètè parí ọ̀rọ̀. Ẹ gbẹ́lẹ̀ ẹ̀ síbí."

Eugénie ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ládiípọ̀ na ọwọ́ sí i, ó fà á sókè.

"Ìyàwó wa, àánú rẹ ló ń ṣe mí. Ilé yìí á mà dákẹ́ o."

Láti ọjọ́ tí Firmin ti kú, ìgbà náà ni Eugénie ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún, nítorí ilé náà ti dákẹ́.