Ẹ̀gbọ́n Mi àti Ògiri Àárín Ọ́fíìsì Méjì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ bí inú mi ṣe ń dùn yìí, kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé, kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Nọ́ọ̀sì ni. Ilé àwọn aláìsàn tí ìrìn ti nira fún ló ń lọ kiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Kì-í-jókòó níbi iṣẹ́. Èmi àbúrò rẹ̀, bíríkìlà ni mí. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun máa gbé iṣẹ́ fún mi. Èmi rò pé ilé ló fẹ́ kọ́, àṣé ògiri ló fẹ́ kí n wó.

Abẹ́ òrùlé kan náà ni ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì wẹ́fíà tó ń wá olùrànlọ́wọ́ fún aláìsàn wà, ṣùgbọ́n ògiri kan là wọ́n láàárín, wọ́n kẹ̀yìn síra bí orogún. Ẹni tó bá rí dókítà tán, tó sì ń wá ẹni tí yóò máa bá a dáná nílé, àfi kó jáde sí títì, kó yí gbogbo ilé náà po, kó gun àtẹ̀gùn, kó tún tò, kó tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé látìbẹ̀rẹ̀.

Télọ̀ àgbà kan wà lára àwọn tí ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì ń dá gbé. Ó sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Nọ́ọ̀sì, mi ò lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí wẹ́fíà mọ́. Mo ti ròyìn àìsàn yìí títí, ó ti sú èmi tí mo ni ín." Arúgbó tí kò rí dókítà, tí kò rí olùrànlọ́wọ́, a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù díẹ̀, pé ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò bí ìlera àti wẹ́fíà ṣe máa ṣiṣẹ́ pọ̀ fẹ́ ṣèpàdé, òun á sì gba ilẹ̀kùn kan láàárín ọ́fíìsì méjèèjì wá fún un. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìgbìmọ̀."

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ̀gbọ́n mi mú mi dání kí n lè sọ̀rọ̀ nípa ògiri. A jókòó sí yàrá ìpàdé ilé ìwòsàn pẹ̀lú dókítà àgbà, à ń retí àwọn wẹ́fíà. A retí títí. Dókítà ń fi bírò lu tábìlì. "Wọn ò ka tiwa sí," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká túká, ó dọdún tó ń bọ̀." Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, àánú rẹ̀ ṣe mí. Ta ló fẹ́ lọ sọ ìyẹn fún télọ̀?

Iṣẹ́ mi ni ògiri, etí mi kì í jìnnà sí i. Mo gbọ́ obìnrin kan lódì kejì tó ń ráhùn pé àwọn dókítà yìí mà ga o, wọ́n ní káwọn wá ṣèpàdé, wọn ò yọjú. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹ̀gbọ́n mi. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí a ó ti ṣe é, nítorí kò sẹ́ni tó wọ yàrá ẹnì kejì rí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó gbá ògiri náà. "Ẹ̀yin ará wẹ́fíà, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. A ti ń retí yín láti àárọ̀."

"Àwa náà ń retí yín," ohùn kan dáhùn.

"Ṣé ẹ̀ ń yí bọ̀ ni, àbí ká máa bọ̀?"

Gbogbo wọn ló mọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó, oòrùn sì mú. Ìgbà tó yá, ọ̀gá wẹ́fíà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bíríkìlà wà lọ́dọ̀ yín?"

"Mo wà ńbí, mà," ni mo wí. Ẹ̀rín bẹ́ ní ìhà méjèèjì. Inú ẹ̀rín yẹn náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí n la ilẹ̀kùn sára ògiri náà.

Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi ju gbogbo ilé tí mo ti kọ́ lọ. Dókítà gba òòlù lọ́wọ́ mi kó lè lu ògiri náà fúnra rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó lu ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo ń rẹ́ símẹ́ńtì sétí ilẹ̀kùn nígbà tí télọ̀ gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ dókítà tààrà, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé e. Ọmọbìnrin wẹ́fíà kan fún un ní àga. Bàbá hú ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀: "Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún mi..."

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Dókítà ti sọ ọ́ fún wa. Ẹni tí yóò máa wá sọ́dọ̀ yín ló jókòó yìí."

Bàbá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára aṣọ ọmọbìnrin náà. "Ta ló rán eléyìí fún ọ? Apá kan gùn ju ìkejì lọ. Sún mọ́ mi." Ó fi ọwọ́ òsì fa apá aṣọ náà, ó ń ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí wọ́n gé e.

Látìgbà tí àìsàn ti dá bàbá dúbúlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ kó dárúkọ aṣọ rí. Ó dúró, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni Kì-í-jókòó rọra jókòó sórí àpò símẹ́ńtì mi, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. Mo fẹ́ kìlọ̀ fún un. Mo bá fi í sílẹ̀.