Yáàdì Márùn-ún fún Ọmọ Mẹ́ta

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” ni ìyá mi pariwo, ó sì sún sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, dá máṣíìnì ìránṣọ tó ń yí lọ́wọ́ dúró. Ohun tó dẹ́rù ba ìyá mi ò ju kakulétọ̀ ọwọ́ mi lọ. Mo fi mẹ́ta pín márùn-ún, ó gbé ọ̀kan jáde, ó fi póìǹtì sí i, ló bá to síísì-síísì títí ojú rẹ̀ fi kún.

“Nọ́ńbà ẹranko inú Ìfihàn! Nínú aṣọ ìkórè! Tètè pa á rẹ́!”

“Ẹ wò ó dáadáa, Mọ́mì. Sẹ́fúùn ló fi parí.”

Màmá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìlú Ìjù la wà nígbà náà, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń gbèrú lọ́tùn-ún lósì. Ìyá mi ń dáná fáwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnu ọ̀nà wa kì í ṣaláìní òórùn epo máṣíìnì àti ti èédú inú áyọ́ọ̀nù. Ọ̀ṣun ni màmá àgbà ti wá bá wa, ó sì mú ọmọ àbúrò ìyá mi dání, ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ọmọ náà kì í bèèrè nǹkan. Bí a bá ń pín ẹran, èyí tó kéré jù ló máa mú, á ní, “Ó tó mi.” Ó máa ń dùn mí, ó sì máa ń dun màmá àgbà jù mí lọ.

Aṣọ funfun yáàdì márùn-ún ni ìyá mi rà fún èmi, àbúrò mi àti ọmọ náà, láti fi rán gáùn ìkórè àwọn ọmọdé. Kò sí irú ẹ̀ mọ́ lọ́jà. Èmi ni àgbà, àmọ́ mo kúrú, gíga wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò jìnnà síra. Nígbà tí ìyá mi ti wọlé lọ gbàdúrà, màmá àgbà ní kí n pín aṣọ náà. Bí tíṣà ṣe kọ́ wa, mo gé síísì-síísì yẹn kúrú sí ọ̀kan póìǹtì sẹ́fúùn. Mo wọn ti àkọ́kọ́, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, mo wọn èkejì. Èyí tó ṣẹ́ kù fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kúrú sí wọn.

Ọmọ náà wò ó. “Tèmi nìyẹn,” ló sọ wẹ́lẹ́. “Ó máa tó mi.”

Màmá àgbà dìde, ó nu ṣọ́ọ̀kì náà dànù. “Ṣé irọ́ ni ẹ̀rọ yìí pa ni?”

“Kò purọ́, Màmá. Síísì yẹn ni kì í tán. Èmi ni mo gé e kúrú.”

Ó ká aṣọ náà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó ń fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí etí rẹ̀ fi ṣe déédéé, ó wá fi áyọ́ọ̀nù tẹ ojú ibi tó ká. Mo wá èyí tó yẹ kó ṣẹ́ kù, n kò rí i. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ márùn-ún sórí tábìlì, mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, mo kọ mẹ́ta sísàlẹ̀.

“Màmá, èyí àti síísì tí kì í tán yẹn, nọ́ńbà kan náà ni!”

“Ó ha ṣe ọ́ ní kàyéfì? Mo ní orúkọ tí mò ń pè ọ́ nílé, wọ́n ní èyí tí wọ́n ń pè ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá pe méjèèjì, ta ní ń jẹ́ wọn?”

“Èmi ni.”

“Ó parí.”

Ó gé aṣọ náà. Ní ilé wa, ẹni tó bá pín nǹkan kì í kọ́kọ́ mú, nítorí náà ó pe ọmọ àbúrò ìyá mi pé kó wá mú tirẹ̀. Ọmọ náà dúró lórí wọn pẹ́. Ó gbé èyí lé ìyẹn, ó tún yí wọn padà. Èyí tó kéré jù ló ń wá, kò sì rí i. Ìgbà tó yá ló gbá ọ̀kan mọ́ra, ó bú sẹ́kún, màmá àgbà sì fà á mọ́ àyà.

Lọ́jọ́ ìkórè, ìsàlẹ̀ gáùn wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, tíṣà wa ṣàlàyé pé nọ́ńbà tó bá ṣe é kọ bí odindi lórí odindi, tí ti ìsàlẹ̀ kì í sáà ṣe òdo, kò lè ṣe ju ohun méjì lọ bí a bá fi póìǹtì kọ ọ́: kó dúró bíi ti ìdajì tó parí sí póìǹtì fáìfù, tàbí kó máa tún ara rẹ̀ sọ láìlópin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń rojú. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ti rí i nínú aṣọ.

Màmá àgbà ti lọ sinmi. Títí dòní, n kì í gé nǹkan kí n tó ká a. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé nílé mi ní Ṣàngó, mo sì pín búrẹ́dì. Ọmọ àbúrò ìyá mi na ọwọ́, ó mú èyí tó sún mọ́ ọn, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kò tiẹ̀ wo èyí tó kù.