Ọjọ́ Tí Mo Jẹ́rìí Ta Ko Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mò ń sọ yìí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní ní Ayétòrò, ìlú wa tó wà létí òkun, tí kì í ṣe ti gbogbo ìlú. Ẹja tí àwọn ọkùnrin bá pa, ojú kan ni a ń kó o sí. Aṣọ tí àwa obìnrin bá hun, ibẹ̀ náà ni oníkálukú ti ń gba tirẹ̀ wọ̀. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní àwọ̀n tuntun kan ti di àwátì ní ilé ìkẹ́rùsí, ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé wa. Obìnrin tí a jọ ń hunṣọ bi mí pé, "Ṣé èèyàn lè jí ohun tó jẹ́ tiẹ̀ ni?"

Ṣùgbọ́n kí a tó jiyàn jìnnà, àwọn kan ti rí ẹni tí wọ́n máa dì í rù. Oníṣòwò kan wà, Mùsùlùmí, tó máa ń fi ọkọ̀ gbé ata àti àlùbọ́sà wá láti ọ̀nà Òde Mahin. Èbúté wa ló sùn sí mọ́jú ọjọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tú ẹrù rẹ̀ sórí ọ̀nà pákó, àlùbọ́sà ń yí bọ́ sínú omi. Wọn kò rí àwọ̀n kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ní àfi kó sọ ẹni tó kó o fún.

Ọkùnrin náà kò pariwo. Ó jókòó lé àpò òfìfo kan, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹ ti mọ̀ mí. Ta ló rí mi?"

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, bí mo ṣe ń lọ pọnmi, mo ti rí ẹni tó gbé àwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, ọmọ ìyá mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún àwọ̀n ìlú ṣe. Ó gbé e lé èjìká, ó sọ ọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, ó sì wà á lọ sápá Awoye. Mo kí i, ó dáhùn. Mo rò pé wọ́n rán an níṣẹ́ ni. Awoye ni ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ń gbé. Opó ni, òkun sì ti gbé àwọ̀n tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ.

Mo tọ àgbà tó máa ń gbọ́ ẹjọ́ ní ìlú wa lọ.

"Bàbá, kì í ṣe oníṣòwò yẹn o."

Mo ṣàlàyé ohun tí mo rí. Ó wò mí lójú. "Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé wàá tún un sọ níwájú gbogbo èèyàn, tí ẹ̀gbọ́n rẹ á sì dúró níbẹ̀?"

"Mo mọ̀, Bàbá."

Lójú ẹsẹ̀ ló ní kí wọ́n tú ọkọ̀ oníṣòwò náà sílẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe já.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú ti pé. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ní, "Mo rí i nígbà tó ń jí..." Àgbà náà dá mi dúró.

"O rí i tó ń jí i, àbí o rí i tó gbé e?"

"Mo rí i tó gbé e."

"Ohun tí ojú rẹ rí ni kí o sọ. Bóyá olè ni tàbí kì í ṣe olè, ìyẹn kù sọ́wọ́ tiwa."

Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "O ti gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ wí. A kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Sọ tìrẹ."

"Òótọ́ ló sọ. Mo gbé e."

"Ṣé o mọ̀ pé kò tọ́ kí o gbé e?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹjọ́ náà. Bó bá ní òun rò pé ohun ìlú ni, pé òun náà sì jẹ́ ọmọ ìlú, ọ̀pọ̀ ni ì bá dá a láre.

"Mo mọ̀. Ká ní n kò mọ̀ ni, ọ̀sán gangan ni ǹ bá gbé e."

"Kí ló dé tí o kò béèrè?"

"Mo béèrè, Bàbá. Wọ́n ní ẹrù ìlú kì í jáde nílùú. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sùn pẹ̀lú ebi. Èmi ń jẹ àjẹyó níbí lójoojúmọ́. Oúnjẹ náà kò gba ọ̀fun mi mọ́."

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, ebi ló fà á!"

"A ti gbọ́ pé ebi ló fà á," ni àgbà náà wí, ó sì nawọ́ sí oníṣòwò. "Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló jìyà rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ohun tó ti èèyàn dé ìdí ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ náà, ọ̀tọ̀ ni. Méjèèjì la máa wò."

Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi kò gbọdọ̀ bá ọkọ̀ ìlú lọ sókun títí yóò fi hun àwọ̀n mìíràn rọ́pò èyí tó gbé. Òun àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún oníṣòwò, wọ́n sì di ẹja gbígbẹ kún ọkọ̀ rẹ̀. Àwọ̀n tó wà ní Awoye, wọ́n ní kó máa wà níbẹ̀. Àgbà náà ní, "Àwa tí a lé e padà nígbà tó wá béèrè, ọwọ́ tiwa náà kò mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi hun àwọ̀n náà parí. Lẹ́yìn náà ló tọrọ àyè, òun àti aya rẹ̀ sì kó lọ sí Awoye. Òun kọ́ ló bínú sí mi. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi jẹ́ kí n wọ ilé rẹ̀, ó ní mo fi ọmọ ìyá mi ṣẹ̀sín níta gbangba. Ní ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tún kọ̀yìn sí mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló dá sí i.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Bí kò bá sọ̀rọ̀ ni, ọkùnrin yẹn ni ì bá ru ẹrù mi. N kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ǹ bá jáde wá gbà á lórí rẹ̀."