Iye Ìgbà Tí Ọrùn Erisa Yí

Ẹni tó bá mọ Lukaya, ìlú kan ní Uganda, nígbà tí ilé fíìmù Hájàtì Zaituni ṣì wà lẹ́yìn àwọn tó ń ta adìyẹ sísun létí títì, kò ní ṣàì mọ Erisa Ssebowa, atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù báyìí, Erisa á kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, á fi àkísà nu gíríìsì ọwọ́, á ra ẹ̀pà tí wọ́n pọ́n sínú bébà, ó di ilé fíìmù. Bẹ́ǹṣì kẹta lápá òsì ni tirẹ̀. Á jókòó, á ṣí fìlà lórí, á gbé e sí àyè tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Ilé ọ̀hún kì í kún nígbà náà, ta ni yóò bá arúgbó du àyè?

Àyè Federesi ni. Ìyàwó rẹ̀ ni Federesi, ó sì ti pé oṣù mẹ́rìnlá tó ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà ní Kampala, a máa pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù ní ọjọ́ Ìsinmi. Á ní, "Taata, ṣé ẹ jẹun?" Erisa á ní òun jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn, olúkúlùkù á máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, wọn ò ní rí i, wọ́n á wá dágbére.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Erisa máa ń ṣe fún Federesi nínú ilé fíìmù yẹn. Ní ìgbà èwe rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ṣúgà ní Lugazi, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ lẹ́nu akọ̀wé kan. Federesi ò gbọ́ ẹyọ kan. Nígbà tí Hájàtì kọ́kọ́ ṣí ilé náà, Erisa á fẹnu sí i létí, á máa túmọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n ń wí fún un, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa pòṣé sí wọn. Nígbà tó yá, Hájàtì gba víjéè, ìyẹn ògbufọ̀ fíìmù, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kayemba. Ìdí tẹlifíṣàn ló ń jókòó sí pẹ̀lú makirofóònù, á rẹ ohùn fíìmù sílẹ̀, á fi Luganda sọ ohun tí wọ́n wí àti ohun tí wọn ò wí. Háà, Kayemba! Bí ọlọ́pàá òyìnbó bá la ẹnu nínú fíìmù, Kayemba á ní gbágùúdá ló fẹ́ rà ní Masaka. Ilé á wó fún ẹ̀rín.

Federesi nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Á fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọkọ rẹ̀ níhà: "Kí ló wí gan-an?"

Erisa á yí ọrùn sí i. "Kò dárúkọ Masaka rárá. Ó ní òun ò rí oorun sùn láti ọjọ́ tí ọmọ òun ti lọ."

"Ṣé ẹ rí i? Mo mọ̀. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú ẹni tó ń ra gbágùúdá."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ikú fi dé. Nígbà tí Federesi lọ tán, Gẹ̀ẹ́sì Erisa di ohun tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀ràn máàkì dé nígbà tí ẹnìkan ṣí ilé fíìmù mìíràn sí òdìkejì títì, tó gbé tẹlifíṣàn gàgàrà sínú rẹ̀. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀. Hájàtì kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọwọ́ lálẹ̀ fún. Ó lọ ra pátákó dúdú àti ṣọ́ọ̀kì, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó pe Erisa, ó sì kí i ní ssebo, ìyẹn ọ̀gá.

"Ssebo Erisa, ẹ̀yin lẹ jókòó nílé mi ju àga mi lọ. Ọjọ́ méjì méjì ni mò ń ṣe fíìmù kan. Tí ẹ bá wo ti ọjọ́ kìíní tán, ẹ kọ máàkì rẹ̀ síbí, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ bóyá kí wọ́n wá lọ́jọ́ kejì."

"Máàkì lórí mélòó?"

"Lórí mẹ́wàá kẹ̀! Ṣebí ẹ ti ọ̀nà iléèwé kọjá rí?"

Erisa rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ó fún fíìmù àkọ́kọ́ ní mẹ́fà. Ìgbà tó délé, tó gbé tíì kaná, ó wá bi ara rẹ̀ pé, mẹ́rin tó kù ńkọ́? Kí ni fíìmù náà ṣe tó fi pàdánù mẹ́rin? Ó bínú sí mẹ́wàá. Àwọn ọmọléèwé ní kó máa ya ìràwọ̀ márùn-ún, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbòmíràn. Ó yà á. Ìràwọ̀ rẹ̀ dà bí akàn tí wọ́n tẹ̀ pa, Hájàtì fọwọ́ ara rẹ̀ nù ún kúrò.

Ó wá dá ọgbọ́n mìíràn, ọgbọ́n ẹ̀pà. Bí fíìmù bá dùn, èèyàn á gbàgbé àtijẹun, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Nítorí náà, iye ẹ̀pà tó bá ṣẹ́ kù sínú bébà, òun ni máàkì. Ó kà á lọ́jọ́ kìíní: mọ́kànlélógójì. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ṣe fíìmù jákujàku kan tí Kayemba alára ń yán lórí rẹ̀. Ẹ̀pà ṣẹ́ ku mẹ́rìnlélógójì. Erisa jókòó, ó tẹjú mọ́ ẹ̀pà ọ̀hún lọ́wọ́, ìgbà yẹn ló tó yé e. Ẹ̀pà tí èèyàn méjì máa ń jẹ ló ṣì ń rà. Kò sí irú fíìmù tí wọ́n lè ṣe tí kò ní ṣẹ́ kù. Ó dà á fún àwọn adìyẹ tó wà lẹ́yìn ilé, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é.

Ọjọ́rú kan ni ó rí ìwọ̀n tirẹ̀. Fíìmù olè kan ni. Olè náà ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, Kayemba ní ó ń tọrọ ọbẹ̀. Kí Erisa tó mọ̀, ọrùn rẹ̀ ti yí sápá ọ̀tún, ẹnu rẹ̀ ti là: "Irọ́ ni, kì í ṣe ọbẹ̀..." Fìlà ló bá níbẹ̀. Ó yí ojú padà sí tẹlifíṣàn. Kí fíìmù tó parí, ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó jáde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ 3.

"Mẹ́ta lórí mélòó?" Ssempala ọlọ́kadà ló béèrè.

"Mẹ́ta ni."

"Jjajja, bàbá àgbà, ẹ máa là á fún wa. Mẹ́ta lórí mẹ́ta ni, àbí mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún?"

"Mo ní mẹ́ta ni. Wọlé lọ wò ó, tàbí kí o máa gbé èrò rẹ lọ."

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Erisa ò sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe ń kà á. Ta ló fẹ́ sọ fún? Ṣùgbọ́n àwa ará Lukaya ò gọ̀. Kò pẹ́ tí a fi mọ̀ pé fíìmù tó bá gba òdo, ìjà lásán ni. Tó bá gba méjì, kò burú. Tó bá ti di mẹ́rin, ẹ mú aṣọ ìnujú dání. Àwọn tó ń lọ sí òdìkejì títì pàápàá á kọ́kọ́ yọjú wo pátákó Erisa. Kayemba nìkan ni inú ń bí.

"Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ, gbogbo ilé ń yí gbirigbiri fún ẹ̀rín, Jjajja jáde, ó kọ òdo! Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Ìwọ kọ́ ni mò ń fún ní máàkì, ọmọ mi."

"Ta wá ni?"

Erisa gbọn ṣọ́ọ̀kì dànù lọ́wọ́, ó lọ sídìí àwọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Hájàtì yọ̀, nítorí ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ibi tí wàhálà ti wọlé nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì fíìmù kan tó gba márùn-ún, èrò pọ̀ débi pé wọ́n ń jókòó lórí ilẹ̀. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ń ta adìyẹ sísun, Ssenkungu, wọlé, ó wò yíká, ó rí àyè kan. Ó gbé fìlà, ó kó o lé Erisa lọ́wọ́. "Jjajja, ẹ di fìlà yín mú." Ó fìdí kalẹ̀, bẹ́ǹṣì ké.

Erisa di fìlà mú. Ó pinnu pé òun ò ní wo ọ̀tún rárá. Ṣùgbọ́n ọrùn èèyàn kì í gbọ́ àṣẹ. Láàárín fíìmù, Kayemba pe bàbá ẹnìkan ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Erisa bá fẹnu sí etí Ssenkungu wúyẹ́wúyẹ́: "Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o, bàbá rẹ̀ ni..."

Ssenkungu fò sókè. "Jjajja! Èmi kọ́ ni ìyàwó yín o!"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Kayemba gbà á sórí makirofóònù: "Ẹ gbà mí, Jjajja ń kọnu sí ọlọ́jà adìyẹ lọ́sàn-án gangan!" Erisa náà rẹ́rìn-ín, nítorí bí gbogbo ayé bá ń fi èèyàn rẹ́rìn-ín, kí ni onítọ̀hún yóò ṣe? Ṣùgbọ́n ó dùn ún wọnú egungun. Hájàtì tó jókòó lẹ́yìn, nídìí ẹ̀rọ, kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, Erisa lọ bá a. "Hájàtì, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n yé jókòó síbẹ̀. Ẹnìkan ló ni ín."

Hájàtì mọ ẹni náà. Òun pẹ̀lú àwọn obìnrin tó kù ló wẹ òkú Federesi. Ó mí kanlẹ̀. "Ssebo Erisa, bẹ́ǹṣì ni. Èmi náà fẹ́ jẹun. Èmi kọ́ ni mo sì kó wọn wá, ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ yín ni."

Òótọ́ ni, ìyẹn ló jẹ́ kó burú. Bí fíìmù bá ṣe mú Erisa yíjú sí Federesi tó, bẹ́ẹ̀ ni máàkì ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ sì ni èrò ṣe ń wá gba àyè Federesi lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n ṣe fíìmù awakọ̀ ojú irin. Òjò ń rọ̀, èrò ò tó mẹ́wàá, fìlà Erisa jókòó sí àyè rẹ̀ ní àlàáfíà. Kò sí ìbọn nínú fíìmù náà, kò sí ẹ̀ṣẹ́. Awakọ̀ kan ni, tó jẹ́ pé bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń kọjá lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lójoojúmọ́, á fun fèrè, ìyàwó rẹ̀ á na aṣọ sójú fèrèsé, á máa fì í sí i. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ọkùnrin náà wá darúgbó, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó jókòó nílé, ó ń mu tíì, fèrè ọkọ̀ ẹlòmíràn dún. Obìnrin náà dìde kíá, ó na aṣọ sójú fèrèsé, ó ń fì í. Ó wá rántí. Ó bojú wẹ̀yìn wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó, ó ká aṣọ náà sọ́wọ́.

Kayemba ní, "Màmá ń lé eṣinṣin!" Àwọn díẹ̀ tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Erisa yíjú. "Kì í ṣe eṣinṣin, Federesi. Ó gbàgbé pé ọkọ òun wà nílé ni."

Fìlà. Ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án nìyẹn. Láti ọjọ́ tí pátákó ti wà, kò tíì ju márùn-ún lọ rí.

Ó jáde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó dúró. Bí ó bá kọ mẹ́sàn-án, gbogbo Lukaya ni yóò ya wá lọ́la, Ssenkungu ni yóò ṣáájú wọn. Ó kọ 0.

"Mẹ́sàn-án ni mo kà," Hájàtì wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Erisa.

"Ẹ rò pé mi ò mọ̀? Ẹ̀yìn yín ni mò ń jókòó sí, ssebo. Ọrùn yín ni mò ń wò, n kì í wo fíìmù."

"Hájàtì, ẹ jọ̀ọ́. Tí mo bá kọ mẹ́sàn-án, ibo ló máa jókòó sí lọ́la?"

Hájàtì ń tún ìborí rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ ìborí náà ò bàjẹ́. Níkẹyìn ó ní, "Ẹ fi òdo yẹn sílẹ̀, ọ̀la nìkan o. Mi ò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì."

Lọ́jọ́ kejì, èèyàn mẹ́fà ló wọlé. Erisa ti fọ ẹ̀wù. Ó gbé fìlà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi ẹ̀pà sí àárín òun àti fìlà náà, bí wọ́n ṣe máa ń fi í tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó mọ gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ wà nínú fíìmù náà, ó ń retí wọn.

Ibi àkọ́kọ́ dé, ó kọjá. Ọrùn rẹ̀ ò yí. Ó ní kò burú, ìyókù ṣì ń bọ̀. Ìkejì kọjá. Ìkarùn-ún kọjá. Ó ku ti fèrèsé, òun ló gbójú lé. Fèrè dún, obìnrin náà dìde, ó na aṣọ. Ó ti rẹ Kayemba, èrò ò sí, kò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ eṣinṣin mọ́. Erisa dúró de ọrùn rẹ̀. Nígbà tí kò yí, òun fúnra rẹ̀ yí i. Ó wo fìlà, fìlà lásán ni. Kò rí nǹkan kan sọ fún un. Gbogbo rẹ̀ ló ti sọ lánàá.

Ó jáde. Hájàtì dúró nídìí pátákó, ó ń retí rẹ̀. Erisa fi àkísà gíríìsì nu òdo àná kúrò. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ òdo mìíràn sójú kan náà.

Hájàtì wò ó. "Kí lẹ wá ń nù ún fún? Ṣebí òdo náà ni?"

"Ti àná kọ́," Erisa wí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ sílé.