Epo Tí Ọkọ̀ Olómi Àbúrò Mi Ń Mu

Ibi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ́ láti Mọ́kọ́lá sí Sángo ni àbúrò mi obìnrin ti na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, tó sì pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ló kú fúnra rẹ̀. Mo yíjú sí i. Ojú rẹ̀ wà lọ́nà, ó ti fi jíà sí fíríì, ọkọ̀ ńlá náà sì ń yí lọ sísàlẹ̀ láìpariwo, pẹ̀lú táńkì rọ́bà tó kún fún omi lẹ́yìn wa.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mo ń ṣọ́ epo lò ni, Bọ̀dá mi."

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ṣàdédé dúró níwájú wa láti já obìnrin kan sílẹ̀. Àbúrò mi tẹ bíréèkì. Nígbà tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ rọra dẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó tún tẹ̀ ẹ́, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ti ògiri. Sitiárín náà ti le bí òkúta, torí ẹ́ńjìnnì tó máa ń bá a yí i ti kú. Ó fi apá méjèèjì fà á, èmi náà na ọwọ́ bá a fà á, a sì gba ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà kọjá débi pé mo rí irùngbọ̀n awakọ̀ rẹ̀ dáadáa. Etí gọ́tà ní ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ni ọkọ̀ ti dúró. Omi ṣì ń ru gùdù nínú táńkì.

Ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ náà fi ẹsẹ̀ rìn wá bá wa. Kò pariwo rárá.

"Màdáàmù, ẹ ò lè fun fèrè?"

"Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀ bá kúkú pa mí tán. Omi tí wọ́n máa fi wẹ̀ mí ti wà lẹ́yìn yín."

Ó yí padà lọ. Àbúrò mi gbé orí lé sitiárín.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ti fi ayé mi ṣe. Mo ti kọ ìròyìn ọkọ̀ tó já bíréèkì lórí òkè lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní irú èyí.

"Gbogbo awakọ̀ ló ń ṣe é, Bọ̀dá mi. Ẹ lọ bi wọ́n."

"Pẹ̀lú táńkì omi lẹ́yìn?"

Ohun tó sọ ni pé, "Bí omi ò bá dé ọ̀dọ̀ Àlájì lọ́jọ́bọ̀, iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ sọ fún mi ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe."

Àlájì yìí ló ni ilé kan ní Agbowó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún inú rẹ̀. Kànga ilé náà ti gbẹ. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni àbúrò mi máa ń gbé omi lọ fún wọn láti ibi kànga ẹ̀rọ kan ní Mọ́kọ́lá, táńkì méjì lójúmọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ yòókù kò ju ẹni tó ń ra omi nígbà tó bá wù ú lọ. Ilé Àlájì ló gbé iṣẹ́ náà ró, iṣẹ́ náà ló sì ń rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé láti ìgbà tí ilé ìwé aládàáni tó ti ń kọ́ni ti kógbá sílé.

Ìgbà méjì ni epo ti tán mọ́ ọn lọ́nà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì lọ sí kíláàsì láìwẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Àlájì sọ̀rọ̀. Ohùn wọn tutù. "Mo fẹ́ràn rẹ o," ni wọ́n wí, "àmọ́ mi ò lè fi ìfẹ́ fọ abọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí o bá tún já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, olómi mìíràn ti ń bẹ̀ mí."

Ọkọ̀ náà ni ìṣòro. Tòkunbọ̀ ni, ọkọ̀ akẹ́rù gígùn irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣe fàájì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì jẹ́ onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣe fújà ló fi rà á. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké tó kọ́kọ́ háyà kò lè gbé táńkì náà pẹ́ kí sípíríǹgì wọn tó tẹ̀. Èyí gbé e bí ẹni gbé àga. Àmọ́ epo tó ń mu kọjá ohun tí ojú ń rí kí ẹnu dákẹ́, epo ọ̀hún sì ti wọ́n nílùú.

Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ń bi èèyàn. Fọkanáísà kan ní Ring Road fi ẹsẹ̀ ta táyà wa, ó ní, "Afẹ́fẹ́ ò tó nínú èyí. Ọkọ̀ yín ń rìn bí ẹni tó wọ sálúbàtà nínú ẹrẹ̀." Awakọ̀ takisí kan ní Challenge ní, "Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń mu epo, ẹsẹ̀ ni. Ẹ ní kí màdáàmù yé tẹ iná bí ẹni tó ń pa aáyán." Ọkùnrin kan ní Dúgbẹ̀ na ìgò òróró pupa kékeré kan sí mi pé kí n dà á sínú epo, pé n ó gbàgbé ọ̀nà ilé epo. Mo bi í pé irú ọkọ̀ wo lòun fúnra rẹ̀ ń dà á sí. Ó ní òun ò ní ọkọ̀.

A fẹ́ táyà. A nu asẹ́ afẹ́fẹ́, eruku inú rẹ̀ tó fi gbin ata. A kó ẹ̀wọ̀n, irin àti òkú jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé kiri lẹ́yìn ọkọ̀ sílẹ̀. Mo ní kó máa tẹ iná jẹ́jẹ́. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kò tó. Èéfín dúdú ṣì ń jáde nínú sàlẹ́ńsà, òórùn epo tútù sì ń tẹ̀ lé wa kiri bí ẹni pé a ń dà á sílẹ̀ lọ́nà.

Inú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ní Bódìjà ni mo ti ṣàkíyèsí abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ó sùn sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Oòrùn ń ta, a ti wà lórí ìjókòó tipẹ́, abẹ́rẹ́ náà ò mira.

"Èyí ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì mi kì í gbóná ni. Ibi yòówù kí n lọ, tútù báyìí ló máa ń wà."

Bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kì í sunkún lóru ló ṣe sọ ọ́. Ó yé mi. Ta ni kò tíì rí ọkọ̀ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí òkè Mọ́kọ́lá, tí ooru ń ru jáde, tí ẹni tó ni ín dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀? Nílùú yìí, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ò gbóná ti borí. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè bí tútù náà bá ti pọ̀ jù.

Èmi àti àbúrò mi lọ bá mẹkáníìkì rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. Ọkùnrin náà ń mu gàrí. Mo bi í pé kí ló dé tí abẹ́rẹ́ kì í dìde.

"Mo ti yọ tamosítáàtì rẹ̀," ló wí. "Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni mo yọ ọ́."

Ohun kékeré kan ni tamosítáàtì, kò ju ìdérí ìgò lọ. Òun ló máa ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná tó bó ṣe yẹ, kó tó ṣílẹ̀kùn fún omi láti lọ tutù nínú radiétọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ yọ ọ́?"

"Òyìnbó ló ni òtútù. Níbí, oòrùn ń ṣe iṣẹ́ yẹn."

"Ṣé kò ní jẹ́ kó máa mu epo jù?"

Ó gbé ife gàrí sílẹ̀. "Ó máa mu ún. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Á máa da epo sí i lẹ́nu bí ẹni tó ń fún ọmọ tuntun lọ́yàn."

Àbúrò mi ní, "Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ìyá Olómi, ẹ gbọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá jó, èmi lẹ máa bú. Bí epo bá tán, ìjọba lẹ máa bú. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni mí, èwo lẹ máa mú?"

Àbúrò mi ní kó dá tamosítáàtì padà sínú ọkọ̀. Mẹkáníìkì ní radiétọ̀ ọkọ̀ náà ti dàgbà, kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò lè gbé e. Bí ẹ́ńjìnnì bá jó, kò sí owó tí àbúrò mi fi máa ra òmíràn. Ọkọ̀ lọ, Àlájì lọ. Àbúrò mi ronú sí i lórí ìjókòó, kò wo ojú mi. Ó ní kó dá a padà.

A ra tamosítáàtì tuntun ní Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mẹkáníìkì kọ́kọ́ jù ú sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ wò ó títí omi fi ń hó, tí ohun kékeré náà sì rọra la ẹnu. Ó yọ ọ́, ó fi sí ọkọ̀. "Bí abẹ́rẹ́ bá ti ń kọjá àárín, ẹ paná," ló wí. "Ẹ má dúró pè mí."

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ fi máa mọ́, epo ti tán nílùú. Àwọn ilé epo ti ti géètì wọn. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ọkọ̀ kì í gbé e débi ìrìnàjò kejì tẹ́lẹ̀. Ìyẹn nìkan la ní.

A bu omi ní Mọ́kọ́lá, a sì gbéra. Kò pẹ́ tí abẹ́rẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

"Bọ̀dá mi, ó ń dìde."

"Ó yẹ kó dìde."

"Mi ò rí i níbí rí."

A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, a rọra sọ̀ kalẹ̀. Ní Sángo, ọkọ̀ ti dí mọ́ra wọn, kò sẹ́ni tó ń lọ, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ dé àárín. Ó kọjá àárín bíi fífẹ̀ èékánná. Ọwọ́ àbúrò mi ti wà lórí kọ́kọ́rọ́.

"Ṣé kí n paná?"

Láti ọjọ́ tó ti pa ẹ́ńjìnnì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo ti ń fún un nímọ̀ràn bí ẹni tó mọ̀ dájú. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ohun tí àwọn èèyàn sọ fún mi lọ. Mo ní, "Ọkọ̀ tìrẹ ni. Ohun tí ọkàn rẹ bá sọ ni kó o ṣe."

Ó mú ojú lé abẹ́rẹ́ náà. Oníkẹ̀kẹ́ kan ń fun fèrè lẹ́yìn wa. Mo ń wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, mò ń retí ooru. Abẹ́rẹ́ dúró, ó gbọ̀n díẹ̀, ó sì rọra padà sí àárín. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Àbúrò mi mí kanlẹ̀, ó yọ ọwọ́ lórí kọ́kọ́rọ́.

A já táńkì àkọ́kọ́ fún Àlájì, a padà sí Mọ́kọ́lá, a tún bu omi. Iná tó ń kìlọ̀ pé epo fẹ́ tán tàn nígbà tí a tún fi dé Sángo. Pẹ̀lú iná yẹn la fi rìn dé Agbowó.

Ọkọ̀ olómi mìíràn ti wà lẹ́nu géètì Àlájì. Awakọ̀ rẹ̀ ti na ọ́ọ̀sì sínú táńkì ilẹ̀, omi ló kù kó ṣí. Ó rí wa, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Olómi, àdúrà lò ń dà sínú ọkọ̀ ni? Kò sí epo nílùú."

"Èyí tó ṣẹ́kù láná ni," ni àbúrò mi dá a lóhùn, ó sì ti ń bọ́ sílẹ̀.

Àlájì jókòó sórí àga pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Wọn ò dìde. "Èmi ni mo pè é," ni wọ́n wí. "Mo mọ bí ìlú ṣe rí. Mo ti gbà pé o ò ní lè padà wá."

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Ó kún."

Wọ́n wò ó. Wọ́n wo ọkùnrin yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mú bọ́kẹ́ẹ̀tì dání dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń wò wá. Tẹ̀súbáà ń yí lọ lọ́wọ́ Àlájì, mi ò sì lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí.

"Fa ọ́ọ̀sì rẹ jáde," ni wọ́n sọ fún ọkùnrin náà.

"Àlájì, ẹ̀yin lẹ pè mí o. Epo tí mo jó wá ńkọ́?"

"Màá fún ẹ ní ti epo. Fi nọ́ńbà rẹ sílẹ̀ fún mi."

Ó fà á jáde, ó ń kùn. Àbúrò mi ti ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, Àlájì tẹ nọ́ńbà ọkùnrin náà sínú fóònù wọn, wọ́n ní kó tún un pè kó má baà ṣì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí àbúrò mi.

"Ọjọ́ Ajé ńkọ́?"

"Bí mo bá rí epo tó tó ti òní, ẹ̀ẹ̀mejì ni màá wá, Àlájì."

"Bí o ò bá wá rí i ńkọ́?"

"Màá pè yín ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, kẹ́ ẹ lè pe òun."

"Ọjọ́ Ajé ṣì jẹ́ tìrẹ," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi fóònù sápò.