Páálí Tí Pásítọ̀ Fẹ́ Gbàdúrà Sí

Kí ẹnikẹ́ni tó bú Japheth, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó jẹ́. Ọmọ Ìkìrun ni. Iṣẹ́ wáyà iná ló kọ́ kó tó wá sí Abuja, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń gbé ní Jikwoyi. Nígbà tí iṣẹ́ wáyà ò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù sí iwájú ilé: tẹlifíṣọ̀n méjì, ẹ̀rọ géèmù méjì tó ti gbó, bẹ́ǹṣì mẹ́rin, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó máa ń wúkọ́ bí arúgbó. Igba náírà ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn tẹ́lọ̀, àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Japheth ni wọ́n ń fún ní igbá ọrẹ gbé, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí pé ó fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Orúkọ rere yẹn ni gbogbo ohun tó ní láyé.

Ìgbà tí ẹ̀rọ géèmù tuntun jáde ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ń wò ó lórí fóònù, wọ́n ń pariwo bí òógùn ṣe ń ṣàn lójú agbábọ́ọ̀lù. Saeed, tẹ́lọ̀ ará Ìsẹ́yìn tí kì í pa ọjọ́ kan jẹ, sọ pé òun gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Nyanya fẹ́ ra tiwọn.  Kí Japheth tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti sọ pé òun máa ra tòun kí oṣù tó parí. Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́. Japheth ò bi ẹnì kankan ní iye tó lè san láti gbá a. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó kó owó tó ti ń tọ́jú láti ọdún tó kọjá, ó di ọjà Wuse. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin náírà ni wọ́n pe ẹ̀rọ náà. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó, ó ní òun ń bọ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì tó padà lọ, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Oníṣọ́ọ̀bù ní dọ́là ni, kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Japheth bá ń tan ara rẹ̀ pé kò sí ohun tuntun tí owó rẹ̀ kì í wálẹ̀, bí àgbàdo tó bá ti kún ọjà. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í pé ṣé ó ti dé, ojoojúmọ́ ni ojú sì ń tì í.

Diméjì, àbúrò rẹ̀ tó ń wakọ̀ fún olówó kan ní Maitama, ló sọ fún un pé ọmọ ọ̀gá òun ti ra ẹ̀rọ náà, páálí rẹ̀ sì wà nídìí ààtàn. Japheth ní kó bá òun gbé e wá. Ó wá àjákù búlọ́ọ̀kù àti áyọ́ọ̀nù tó ti bàjẹ́, ó fa aṣọ kan yọ lórí okùn, ó fi wé wọn kí wọ́n má baà máa dún, ó sì fi téèpù lẹ páálí náà pa. Ó gbé e sókè tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ó ti dé o, tẹlifíṣọ̀n tó bá a mu ló kù. Ìran yín ò ní purọ́ irú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ìró ànkárá aláró tí ìyá Adérónkẹ́, ìyàwó rẹ̀, fún un kó tó kú ni. Japheth ò wò ó kó tó fà á. Adérónkẹ́ wá a títí, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru Àwẹ̀ró, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ànú, tí wọ́n jọ ń sá aṣọ sórí okùn kan. Ó pè é ní olè lójú gbogbo kọ́ḿpáùǹdì. Obìnrin náà sunkún, ó fi ọmọ rẹ̀ búra. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò kí ara wọn. Japheth jókòó sínú ilé, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé bí ìró bá jáde, irọ́ á jáde. Ojo ni, ẹ má jẹ́ kí n fi bò.

Adérónkẹ́ ní tirẹ̀ ń yọ̀. Ó ń gbá ilẹ̀ ní iléeṣẹ́ ìjọba láti àárọ̀ kùtù, ó sì ń sọ fún wọn níbẹ̀ pé Ọlọ́run ti gbé ọkọ òun ga. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹnì kan kì í lo ohun tuntun láìjẹ́ pé a gbàdúrà sí i, ìbáà ṣe ọkọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìlọta. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ tó fi lọ pe Pásítọ̀ Akínjídé. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n dé, pásítọ̀ pẹ̀lú ìgò òróró rẹ̀, àwọn ará ilé, Saeed àtàwọn oníbàárà. Ìyá Ànú pàápàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, torí àdúrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà.

 Japheth ní kí wọ́n kàn gbàdúrà sí i bó ṣe wà lókè yẹn. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín.

“A kì í ta òróró sórí páálí, Bùrọ̀dá Japheth. Ẹ gbé e jáde ká gbọ́wọ́ lé e.”

Adérónkẹ́ rò pé ojú ló ń ti ọkọ òun. Òun fúnra rẹ̀ gbé páálí náà sílẹ̀, ó fi abẹ la téèpù. Ìró aláró ló kọ́kọ́ yọ. Ó fà á, àjákù búlọ́ọ̀kù yí gbirigbiri jáde, áyọ́ọ̀nù tẹ̀ lé e. Òróró ti wà lọ́wọ́ pásítọ̀, kò mọ ibi tó máa nù ún sí. Ikú yá ju ẹ̀sín, àmọ́ ikú ò kọjá níbẹ̀ lọ́sàn-án yẹn.

Saeed ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

“Bùrọ̀dá, ẹ ò bá ti bi wá. Tó bá ju igba náírà lọ, ta ló fẹ́ gbá a nínú wa? A kàn ń fẹnu fẹ́ ẹ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Japheth ju èébú lọ. Irọ́ tó fi orúkọ rẹ̀ pa, kò sẹ́ni tó tiẹ̀ nílò rẹ̀.

Adérónkẹ́ ò wo ọkọ rẹ̀. Ó ká ìró náà, ó mú un dání, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ànú.

“Ẹ forí jì mí, mà. Mo pè yín ní olè.”

Ìyá Ànú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á lápá.

“Dìde, ìyàwó. Kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó wà nílẹ̀.”

Nígbà náà ni Japheth dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, orí rẹ̀ súnmọ́ àjákù búlọ́ọ̀kù. Ó ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ànú, pásítọ̀, àwọn oníbàárà. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń jáde lọ níkọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.