Bàbá Tó Lọ Jókòó Dípò Ọmọ Rẹ̀

Mo rántí ìgbà tí ìjọba ológun ní kí ará ìlú wá gba òun nímọ̀ràn lórí àwọn tó wà ní àtìmọ́lé láìfojú ba ilé ẹjọ́. Gbọ̀ngàn ìlú ní Odigbo ni ìgbìmọ̀ wa ti ń jókòó. Ọ̀wọ́n gógó ọjà ti sọ ọṣẹ ìfọṣọ di nǹkan iyì, síbẹ̀ mo lọ dá aṣọ sáfárì tuntun fún ìjókòó náà. Olùkọ́ kékeré ni mí nígbà náà, èmi ni mo kéré jù nínú ìgbìmọ̀, mo sì gbà pé ṣọ́jà yóò gbọ́ tí a bá ti sọ ọ́ dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó àgbẹ̀ kòkó kan wá láti Ajue. Ó ní ọkọ òun ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá láti ìgbà òjò. Alága wa, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, bi í pé ta ló mú un.

"Kò sẹ́ni tó mú un, sà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹní lọ síbẹ̀."

Wọ́n ní ọmọ wọn jí kòkó, ó sì ti sá lọ. Lábúlé wọn, tí ọmọ bá ṣẹ̀ tó sá, bàbá á lọ jókòó láàfin dípò rẹ̀. Wọn kì í fọwọ́ kàn án. Tí ọba bá ti gbọ́ ẹjọ́, á ní kó dìde. Bàbá yìí rò pé bákan náà ni tọlọ́pàá, àwọn yẹn sì ṣílẹ̀kùn àtìmọ́lé fún un kó wọlé.

Lọ́yà tó wà láàárín wa sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mú un, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán wa. A jiyàn títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Obìnrin náà jókòó, ó ń wò wá, ojú sì ń tì mí. Nígbà tó yá, alága ní ká lọ wo bàbá náà ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kò bá wa jà. Ó ní ká máa mú bàbá náà lọ, ó sì ṣílẹ̀kùn. Bàbá náà kò mira.

"Ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ẹjọ́ náà. Tí mo bá dìde báyìí, wọ́n á ní bàbá àti ọmọ ló sá."

Ìmọ̀ràn ni tiwa, a ò lágbára láti dá ẹjọ́. Lọ́yà ń mi orí. Ṣùgbọ́n ọmọ agbègbè wa ni alága, ó mọ àṣà náà. Ó ṣí fìlà, ó jókòó, ó ní kí bàbá ro ẹjọ́ náà. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó wá ní, "A ti gbọ́. Ẹ dìde." Bàbá náà ká ẹní rẹ̀, ó dúpẹ́, ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀.

Àwọn tó kù nínú àtìmọ́lé ti rọ́ wá sẹ́nu irin ilẹ̀kùn. Ọ̀kan nínú wọn rọra sọ fún alága pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tiwa náà."

Alága dé fìlà rẹ̀. A jáde.

A fi ìmọ̀ràn wa ránṣẹ́ síjọba, a ò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo ti dàgbà ju alága ìgbà náà lọ báyìí. Táwọn ọmọ mi bá bi mí pé kí ni ìgbìmọ̀ yẹn ṣe, mo máa ń sọ pé a tú ẹnì kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mú. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. N ò tíì sọ tàwọn tó dúró sẹ́nu irin fún wọn rí.